ECG ní kò sí nǹkan, àyà ṣì ń dùn yín: kí ni MRI lè rí?

  Ọ̀rọ̀ ọkàn la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọkàn tí olólùfẹ́ máa ń bà jẹ́ o. Èyí tó ń lù kì kì kì láyà yín nísinsìnyí ni mò ń wí.

Ìbéèrè kan ló bí ètò tòní. Báwo ni ọ̀dọ́ tí kì í mu sìgá, tí kò sanra, tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣe lè ṣubú lórí pápá kó má dìde mọ́? Ládùúgbò wa, bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kíá lẹnu á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn ayé ló wà nídìí ẹ̀. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Àmọ́ oríṣiríṣi nǹkan ló lè fa irú ikú bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ohun tó ti wà lára èèyàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tó sì ṣeé rí nínú àwòrán kó tó ṣe ọṣẹ́. Ohun náà ni pé iṣan tó ń bọ́ ọkàn yọ níbi tí kò yẹ, tàbí ó gba ọ̀nà tí kò yẹ. Òun la máa sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí ẹ̀rọ MRI ṣe ń fi í hàn.

Ọkùnrin tí iṣan ọkàn rẹ̀ ò pé

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Pete Maravich lorúkọ ọkùnrin yìí, "Pistol Pete" lọ̀pọ̀ ń pè é. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló ń gbá. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Louisiana State, pọ́ìǹtì 3,667 ló kó jọ, tó fi jẹ́ pé tí a bá pín in, ó ń gba 44.2 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́ta péré ló fi ṣe é. Ó bọ́ sínú NBA lẹ́yìn náà, ó sì gbá a fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún 1987, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Ní January 5, 1988, Maravich ń bá àwọn kan gbá bọ́ọ̀lù ìgbafẹ́ nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Pasadena, ní California. Kò sí ife-ẹ̀yẹ, kò sí owó níbẹ̀. Ó ṣubú, ó sì kú. Ọmọ 40 ọdún ni. Nígbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú rẹ̀, wọ́n rí i pé nínú iṣan méjì tó yẹ kó máa bọ́ ọkàn, ti òsì ò sí níbẹ̀ rárá. Ti ọ̀tún nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ àwọn méjèèjì láti ogójì ọdún wá.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó sáré, tó fò, tó làágùn níwájú gbogbo ayé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́tàlá, ẹ̀yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n tó mọ bí ọkàn ẹ̀ ṣe rí. Ara tó le kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn tò bó ṣe yẹ.

Báwo ló ṣe yẹ kó rí?

Ọkàn yín ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o: ẹ̀jẹ̀ tó kún inú ẹ̀ kọ́ ni ẹran ọkàn fi ń jẹun. Ó dà bíi mọ́tò táńkà tó ń gbé epo. Epo kún ẹ̀yìn ẹ̀ fọ́fọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ò lè fa epo tó wà lẹ́yìn yẹn. Ó ní páìpù tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Páìpù ọkàn nìyí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde látinú ọkàn, inú iṣan ńlá kan tí wọ́n ń pè ní aorta ló máa ń gbà. Ní ìdí aorta yìí gan-an, lókè ilẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ jáde, ihò kékeré méjì wà níbẹ̀: ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni iṣan méjì tó ń bọ́ ọkàn ti yọ. Ti òsì á pín sí méjì, ọ̀kan á gba iwájú ọkàn sọ̀ kalẹ̀, èkejì á gba ẹ̀gbẹ́ yí lọ sẹ́yìn. Ti ọ̀tún á gba apá ọ̀tún lọ sí abẹ́. Wọn ò tóbi rárá. Níbi tí wọ́n ti yọ, fífẹ̀ wọn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 3 sí 4 lọ.

Àmọ́ nínú àwọn èèyàn kan, iṣan òsì á lọ yọ lápá ọ̀tún, tàbí kí ti ọ̀tún yọ lápá òsì. Iṣan tó bá yọ níbi tí kò yẹ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà síbi tó yẹ kó bọ́. Ọ̀nà tó gbà padà yẹn lọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aorta, iṣan ńlá mìíràn wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí iṣan tó ṣìnà náà bá gba ẹ̀yìn aorta kọjá, kì í sábà fa wàhálà. Ẹlòmíì á lò ó títí tó fi di arúgbó, kò sì ní mọ̀. Bó bá jẹ́ àárín iṣan ńlá méjèèjì ló gbà, tí ó sì jẹ́ ti òsì, ìyẹn gan-an ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ orí eré ló ti ń pa èèyàn?

Ẹlòmíì lè rò pé ńṣe ni iṣan ńlá méjèèjì ń fún kékeré pa láàárín wọn, bí ọ̀kadà tó há sáàárín tírélà méjì. Àmọ́ agbára ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń wò jù lónìí ni ẹnu iṣan náà àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnu iṣan tó yọ níbi tó yẹ máa ń rí roboto. Ti èyí tó ṣìnà lè rí pẹlẹbẹ bí ojú ihò bọ́tìnì. Kì í jáde tààrà, ńṣe ló máa ń ṣẹ́rí. Nígbà míì, kò tilẹ̀ ní tètè bọ́ síta. Á kọ́kọ́ gba inú ògiri aorta fúnra ẹ̀ fún ìwọ̀nba mìlímítà kan. Bí ẹ bá wá ń sáré, tí aorta ń wú bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rọ́ jáde, ògiri yẹn á máa tẹ iṣan tó wà nínú ẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò: bó bá ṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi, bó ti wù kí ẹ̀rọ lágbára tó, omi tó máa dé iwájú ò ní tó nǹkan.

Ohun kejì tún wà. Ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ láàárín lílù méjì ni ẹ̀jẹ̀ máa ń ráyè wọ inú ẹran ẹ̀ jù. Bí ẹ bá ń sáré, ìsinmi yẹn á kúrú. Nítorí náà, ìgbà tí ọkàn nílò oúnjẹ jù lọ gan-an ni ọ̀nà oúnjẹ há jù. Bí ebi bá pa á kọjá ààlà, lílù ẹ̀ á dàrú, ẹni náà á dìgbò lulẹ̀.

Ṣé ó wọ́pọ̀? Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín jù. Lọ́dún 1990, àwọn dókítà ní Cleveland Clinic tẹ ìwádìí kan jáde. Àwòrán iṣan ọkàn àwọn èèyàn 126,595 ni wọ́n wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìyàtọ̀ kan tàbí òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn ni kò léwu. Díẹ̀ ló léwu, àmọ́ díẹ̀ yẹn kì í fún èèyàn láyè. Nínú ìwádìí tí Barry Maron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe lórí ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2009, iṣan ọkàn tó ṣìnà ló ṣe ipò kejì nínú àrùn ọkàn tó ń pa wọ́n. Ipò kìíní ni àrùn tó ń mú kí ẹran ọkàn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibi tí ECG ti ń tan èèyàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa, ẹ fetí sí apá yìí dáadáa. Ká ní ọ̀rẹ́ yín kan dákú nígbà tó ń sáré. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ṣe ECG, bébà jáde, wọ́n ní kò sí nǹkan. Gbogbo ilé á yọ̀. Màmá á dúpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti padà sórí pápá.

Lọ́dún 2000, Cristina Basso àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ítálì àti Amẹ́ríkà ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá 27 tí irú iṣan báyìí pa. Iṣan òsì ló ṣìnà lára 23 nínú wọn, ti ọ̀tún lára 4. Ẹni 25 kú lórí eré gan-an, àwọn 2 tó kù kú gẹ́rẹ́ tí wọ́n parí eré. Mẹ́wàá nínú wọn ti ní àmì tẹ́lẹ̀: àwọn kan ti dákú rí, àyà ti dun àwọn míì nígbà eré. Ẹni 9 nínú wọn ni wọ́n ti ṣe ECG fún nígbà ayé wọn, tí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì mọ́ kedere. Ẹni 6 ni wọ́n ti ní kó sáré kí wọ́n tó ka ti ọkàn ẹ̀, tiwọn náà mọ́ kedere.

Ẹ jọ̀ọ́, ECG ò purọ́ o. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn. Iná mànàmáná inú ọkàn ni ECG ń kà. Bí wọ́n bá bi í bóyá iná ń lọ dáadáa, á sọ. Kò lè sọ ibi tí páìpù ti yọ. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán nìkan ló lè dáhùn ìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Báwo ni MRI ṣe ń rí i?

Ara wa kún fún omi, hydrogen sì wà nínú omi. Ẹ mú hydrogen kọ̀ọ̀kan bí òòfà kékeré. Inú ẹ̀rọ MRI, òòfà ńlá ló wà níbẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń wo ọkàn jẹ́ 1.5 tesla, ó fi nǹkan bí ìlọ́po 30,000 lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń yí kọ́ńpáàsì inú fóònù yín lọ. Bí ẹ bá wọ inú ẹ̀, àwọn òòfà kékeré inú omi ara yín á tò. Ẹ̀rọ á fi ìgbì rédíò kàn wọ́n, wọ́n á yẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń padà sípò, wọ́n á dá ìgbì rédíò tiwọn padà. Kọ̀ǹpútà á gbà á, á sì fi ya àwòrán. Kò sí X-ray níbẹ̀ rárá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo yín lẹ mọ bí fọ́tò ṣe máa ń rí tí ẹ bá ya ẹni tó ń jó nínú òkùnkùn: ojú á ríran bàìbàì. Ẹ wá fojú inú wo iṣan mìlímítà 3 tó wà lára ohun tó ń lù, tí mímí sì tún ń gbé e lọ sókè sódò. Ọgbọ́n méjì ni wọ́n fi borí èyí.

Èkíní, wọ́n á lẹ wáyà ECG mọ́ yín láyà. ECG tí a ní kò lè rí páìpù lẹ́ẹ̀kan ti wá di ẹni tó ń ka àkókò. Á sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí ọkàn ń sinmi, ẹ̀rọ á sì gba àwòrán ní àkókò kékeré yẹn nìkan. Èkejì, ẹ̀rọ á máa ṣọ́ ògiri ẹran tó pààlà láàárín àyà àti ikùn, èyí tó ń lọ sókè sódò bí ẹ ṣe ń mí. Bí ògiri yẹn bá wà nípò tí wọ́n fẹ́, ẹ̀rọ á gba ohun tó rí. Bí kò bá sí nípò, á dà á nù. Ìdí nìyẹn tí àwòrán iṣan ọkàn nìkan fi lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo àyẹ̀wò á sì fi sún mọ́ wákàtí kan.

Bí wọ́n bá ti kó o jọ tán, gbogbo ọkàn ló wà nínú àwòrán kan ṣoṣo tí dókítà lè yí sọ́tùn-ún, sósì, sókè, bí ẹ ṣe ń yí máàpù lórí fóònù. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á mọ́lẹ̀, ọ̀rá tó yí i ká á ṣókùnkùn. Dókítà á wá bi àwòrán náà ní ìbéèrè mẹ́ta: níbo lo ti yọ? Báwo lẹnu rẹ ṣe rí? Iwájú, ẹ̀yìn, àbí àárín lo gbà?

Àǹfààní ọ̀nà yìí ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i. Lọ́dún 1993, Warren Manning, Robert Edelman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Boston fi hàn pé MRI lè ya iṣan ọkàn. Nígbà tó fi máa di 1995, àwọn dókítà ní Boston àti ní Amsterdam ti ń fi í wo iṣan tó ṣìnà. Ṣáájú ìgbà náà, ńṣe ni wọ́n máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ dé ọkàn, kí wọ́n da oògùn sínú ẹ̀, kí wọ́n sì fi X-ray wò ó. Àwòrán yẹn mọ́ gan-an, àmọ́ òjìji pẹlẹbẹ ni. Ẹ lè rí i pé iṣan kọjá, kí ẹ má mọ̀ bóyá iwájú ló gbà tàbí ẹ̀yìn. Ẹ sì ti gbọ́ pé ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn ló pín ẹni tó lè máa bá eré ẹ̀ lọ sí ọ̀tọ̀ kúrò lára ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró.

Ó tún ku ohun tí MRI ń ṣe. Wọ́n lè fún yín ní oògùn tó ń mú ọkàn ṣe bíi pé ẹ ń sáré, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé gbogbo ẹran ọkàn. Wọ́n lè fún yín ní oògùn kan tí wọ́n ń pè ní gadolinium, kí wọ́n wo bóyá àpá ti wà lára ọkàn láti ìgbà tí ebi ti pa á rí. Àpá yẹn ṣe pàtàkì, torí ó ń fi hàn bóyá ọ̀nà tó há yẹn ti ṣe jàǹbá.

CT ńkọ́?

Mi ò ní parọ́ fún yín. CT scan ń rí ohun tó kéré ju èyí tí MRI ń rí lọ: nǹkan bí ìdajì mìlímítà, nígbà tí ti MRI wà ní nǹkan bíi mìlímítà kan. Ó tún yára, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ẹnu iṣan tó pẹlẹbẹ dáadáa kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, CT ni ọ̀pọ̀ ibi ń lò. Àmọ́ X-ray ni CT ń lò. Fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ṣeé ṣe kí wọ́n máa yẹ̀ wò léraléra, ìyẹn jẹ́ ohun tó yẹ ká rò. Ibẹ̀ ni MRI ti dára jù, pàápàá tó bá jẹ́ pé wọ́n tún fẹ́ mọ bí ẹran ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ Texas, Paolo Angelini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tilẹ̀ fi MRI wo ọkàn àwọn ọmọ ilé ìwé 5,169, tí ọjọ́ orí wọn wà ní nǹkan bí ọdún 13. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2018. Ọmọ 23 ni wọ́n rí tí iṣan wọn gba ọ̀nà eléwu: 6 ti òsì, 17 ti ọ̀tún. Ẹ wo 6 yẹn dáadáa. Ọmọ mẹ́fà tó ń sáré kiri ilé ìwé, tí wọ́n ní irú iṣan tó pa 23 nínú àwọn 27 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣé kí gbogbo èèyàn wá lọ ṣe MRI ni? Rárá o. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní iṣan tó ṣìnà ò ní ní wàhálà láéláé. Tí a bá ní kí gbogbo ayé lọ yẹ ara wò, ẹ̀rù àti ìnáwó tí a máa dá sílẹ̀ á pọ̀. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tí ara ẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Báwo lara ṣe ń sọ̀rọ̀?

Bí ẹ bá dákú nígbà tí ẹ ń sáré tàbí gẹ́rẹ́ tí ẹ parí eré. Bí àyà bá ń fún yín tàbí tó ń dùn yín nígbà eré, tó sì ń lọ bí ẹ bá sinmi. Bí ọkàn bá ń lù gìrìgìrì lọ́nà tí kò bá eré mu. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti kú lójijì lọ́mọdé. Ẹ má kàn gbé egbòogi ọgbẹ́ inú mì, kí ẹ ní ó ti tán. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àyà dídùn ò kan ọkàn. Àmọ́ èyí tó bá jẹ́ pé eré ló ń jí i, dókítà ọkàn ló yẹ kó wò ó. Kí ẹ tó rí i, ẹ jókòó sílé, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ sọ ọ́ báyìí: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà tí mò ń sáré ló ṣe mí, kì í ṣe ìgbà tí mo jókòó." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ń yí gbogbo àyẹ̀wò padà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti rí ibi tí iṣan ọkàn mi méjèèjì ti yọ?" Kì í ṣe àfojúdi. Echo, ìyẹn scan ọkàn tí wọ́n ń fi jẹ́lì ṣe, ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè rí ẹnu iṣan méjèèjì nínú ẹ̀, pàápàá lára ọmọdé. Bí kò bá rí wọn, ìgbà yẹn ni CT tàbí MRI kàn.

Nílé ńbí, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ò pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wò, 58 nínú wọn wà ní Nàìjíríà, òòfà púpọ̀ nínú wọn ò sì lágbára. Kì í ṣe gbogbo ibi tó ní MRI ló lè fi wo ọkàn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ pè wọ́n, kí ẹ bèèrè: "Ṣé ẹ ń ṣe MRI ọkàn níbẹ̀?" Bí wọ́n bá ní rárá, CT tí wọ́n ṣe dáadáa sàn ju MRI tí kò ríran lọ.

Nínú ẹ̀rọ náà

Ẹ máa sùn sínú ihò gígùn kan. Ariwo ẹ̀ pọ̀, gbá gbá gbá, wọ́n á sì fún yín ní ohun tí ẹ máa fi dí etí. Fóònù ò gbọ́dọ̀ wọlé, káàdì ATM ò gbọ́dọ̀ wọlé, bẹ́líìtì, yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, wíìgì tó ní kílípù, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀ síta. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní irin kankan lára, bí ẹ̀rọ pacemaker tó ń darí lílù ọkàn, tàbí bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ wẹ́dà rí tí irin sì ti ta sí yín lójú. Ẹ sọ bí ẹ bá lóyún, tàbí bí kíndìnrín yín ò bá dáa. Bí ibi tó há bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí wọ́n bá máa fún yín ní oògùn tó ń mú ọkàn ṣe bíi pé ẹ ń sáré, wọ́n lè ní kí ẹ má mu kọfí, tíì, Coke tàbí enajì díríńkì láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Bí wọ́n bá wá rí i ńkọ́?

Kì í ṣe òpin ayé. Àwọn kan, wọ́n á kàn máa ṣọ́ wọn ni. Àwọn kan, wọ́n á ní kí wọ́n fi eré àfagbáraṣe sílẹ̀. Àwọn kan máa nílò iṣẹ́ abẹ: wọ́n lè la ibi tí iṣan ti há sínú ògiri aorta kí ẹnu ẹ̀ lè fẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé iṣan náà lọ síbi tó yẹ kó ti yọ. Ọ̀pọ̀ máa ń padà sẹ́nu ìgbésí ayé wọn, àwọn míì á tún padà sórí pápá.

Àwa ọmọ Nàìjíríà ti rí ojú méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn kan náà. Ní August 12, 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Sùúrùlérè nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá, ó sì kú. Ọkàn tó tóbi jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n rí nígbà àyẹ̀wò òkú. Lọ́dún 1996, àwọn dókítà Inter Milan yẹ Nwankwo Kanu wò, wọ́n rí i pé ilẹ̀kùn aorta ẹ̀ ò dáa. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó padà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ti Okwaraji, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n tó rí i. Ti Kanu, àwọn dókítà rí i nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

Ohun kan kí n tó lọ. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú yín, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, ẹ má da omi sí i lórí, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Kí ẹnì kan pe 112. Kí ẹlòmíì fi ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà ẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kó yára, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má sì dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì gbà á.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń di àyà mú lórí pápá, tó sì ń ní "kò sí nǹkan, ó máa lọ", ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lónìí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sí wa, a máa mú un lọ bá dókítà ọkàn ká tó dáhùn. Títí a ó tún fi pàdé, ẹ tọ́jú ara yín. Ó dàbọ̀ o.